Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó ọjà mi nítorí àpò ìbọn: ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláwọ Kémta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe ní Kémta. Àpò ọdẹ, ìgbànú, àkọ̀ ọ̀bẹ, bàtà, àti àpò gígùn tí àwọn ọdẹ ń ki ìbọn wọn bọ̀ kí òjò má bàa pa á. Mi ò ta ìbọn rí, mi ò ta ẹ̀tù, mi ò ta ọta. Awọ nìkan ni. Mo ní ojú-ìwé kan lórí ayélujára tí àwọn oníbàárà ti ń fi káàdì sanwó, láti Ìbàdàn, láti Èkó, àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iléeṣẹ́ tó ń bá mi gba owó fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn ti ti àkáǹtì mi pa nítorí "ọjà tó jẹ mọ́ ohun ìjà". Owó inú rẹ̀ kò sì ní jáde. Owó àwọn tó ti gba ọjà wọn wà níbẹ̀, owó àwọn tí mi ò tíì parí iṣẹ́ wọn náà wà níbẹ̀. Mo pè wọ́n títí, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ta ló ti rí irú èyí? Ṣé òfin Nàìjíríà ni àbí òfin tara wọn?

OníPOS Lafẹ́nwá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú-ìwé yín báyìí: ọjà kọ̀ọ̀kan, iye tí ẹ fi lé e, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀, ímeèlì wọn, àti àkọsílẹ̀ owó tó wọlé. Nígbà míì wọ́n máa ń ti gbogbo rẹ̀ pátá, ẹ ò sì ní rí ohun tí ẹ máa fi hàn mọ́. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ó máa dà bíi pé ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn ọdẹ àti ohun èlò ìpẹja ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Kì í ṣe òfin Nàìjíríà, kì í sì í ṣe òfin Amẹ́ríkà. Àdéhùn iléeṣẹ́ ni.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ lè ta ìbọn. Ẹni tó fẹ́ rà á, a sábà máa ń yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba kí a tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ètò àyẹ̀wò yẹn ti wà láti 1998. Bí ènìyàn bá ra ìbọn lórí ayélujára lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ìpínlẹ̀ mìíràn, kì í wá sílé rẹ̀ tààrà. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó níwèé àṣẹ ni wọ́n ń gbé e wá, ibẹ̀ lẹni náà ti máa gbà á lẹ́yìn àyẹ̀wò. Gbogbo èyí bófin mu. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó: PayPal kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀dọ̀ wọn sanwó ìbọn, ọta, àti àwọn ẹ̀yà tàbí ohun èlò ìbọn kan. Stripe náà kọ ohun ìjà sínú àkójọ òwò tí wọn kì í bá ènìyàn ṣe. Square gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn ọjà orí ayélujára pàápàá ti ń ṣe é ṣáájú: eBay kò gba ìbọn mọ́ láti 1999, Google yọ ọ́ kúrò nínú ètò ìpolówó ọjà wọn ní 2012, Facebook sì fòfin dè é ní oṣù kìn-ín-ní 2016 pé kí ẹnì kan má fi ojú-ìwé wọn ta ìbọn fún ẹnì kejì.

Kí ló fà á? Iléeṣẹ́ tó ń gba owó kò rí ọjà sójú, kò sì mọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́. Òfin ìbọn yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, iye tí wọ́n máa ná láti ṣọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju èrè tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lọ. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, orúkọ wọn ló máa jáde nínú ìròyìn. Nígbà tí wọ́n pa ènìyàn 17 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, Florida, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2018, oṣù tó tẹ̀ lé e ni báǹkì Citigroup sọ fún àwọn oníbàárà wọn tó ń ta ìbọn pé wọn kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Citigroup fagi lé òfin yẹn ní oṣù kẹfà 2025.

Ohun kan tó kan Aláwọ gan-an: gbogbo ibi tó ń gba káàdì ló ní nọ́ńbà oníka-mẹ́rin tó ń sọ irú òwò tó ń ṣe. Àjọ ISO, tó ń ṣètò ìlànà fún àgbáyé, fọwọ́ sí nọ́ńbà 5723 fún ṣọ́ọ̀bù ìbọn àti ọta ní oṣù kẹsàn-án 2022. Visa àti Mastercard ní àwọn máa lò ó, wọ́n tún dá a dúró ní oṣù kẹta 2023 nítorí àwọn ìpínlẹ̀ kò fẹnu kò. California sọ ọ́ di dandan, Florida fòfin dè é. Nítorí náà, ẹ bi iléeṣẹ́ yẹn léèrè irú òwò tí wọ́n kọ yín sí. Bó bá jẹ́ abẹ́ ohun ìjà ni wọ́n kọ yín sí dípò iṣẹ́ awọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò

Mi ò ní fọ̀rọ̀ bò. Mo fara mọ́ ohun tí àwọn iléeṣẹ́ yìí ń ṣe. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fojú àwọn òbí rí nílùú yìí. Ìbọn tí àwọn ọmọ yẹn ń yìn kò jábọ́ láti ọ̀run; ẹnì kan ló tà á, ẹnì kan ló sanwó rẹ̀. Bó bá wá di pé ènìyàn lè jókòó sínú yàrá kó tẹ fóònù, kó sanwó ìbọn bí ẹni ń ra káàdì ìpè, ta ni yóò mọ ohun tó ń wọ̀lú?

Aláwọ, mo bá yín kẹ́dùn, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Wọ́n ti ṣi ẹni mú, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tìtorí ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Aláwọ Kémta

Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun. Èmi náà bímọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó ń ta ìbọn láìníwèé. Owó awọ mi nìkan ni mò ń wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí níbí o. Àwọn kan ní iléeṣẹ́ ló ni owó rẹ̀, kó bá ẹni tó wù ú ṣòwò. Àwọn mìíràn ní bí òfin bá ti gba òwò kan láyè, báǹkì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ẹ̀yìn pa á. Ní oṣù kẹjọ 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí àwọn báǹkì má ti ènìyàn síta nítorí ìṣèlú rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí òwò tó bófin mu. Èmi tí mò ń ta á rò pé àyẹ̀wò tí à ń ṣe lójúkojú ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́nà èrú kì í fi káàdì ara rẹ̀ sanwó.

Ọ̀dọ́ Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, kò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ fi orúkọ ìyàwó yín ṣí òmíràn, kí ẹ pe àpò ìbọn ní àpò gìtá. Mo mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìbarà

Àbúrò, jọ̀ọ́, má gba ẹ̀gbọ́n rẹ ní irú ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tí ò jẹ̀bi lò ń fẹ́ sọ di ẹlẹ́bi. BVN àti NIN ìyàwó rẹ̀ ló máa wà lórí àkáǹtì kejì, àdírẹ́sì kan náà, fóònù kan náà, àwọn oníbàárà kan náà. Ẹ̀rọ wọn máa so wọ́n pọ̀ kíá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ mọ́, ọ̀rọ̀ irọ́ ni, owó àkọ́kọ́ sì lè má jáde mọ́ láé. Àpò gìtá tí ọlọ́pàá bá wá rí ìbọn nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bi pé ó ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin ilé wa wí, nítorí mo rí i pé ó rú ọ̀pọ̀ lójú. Òfin ìbọn tí a ń lò ti wà láti 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i: ìbọn ogun, ìbọn arọ̀jò-ọta, àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni èyí tí aráàlú lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, bí ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn kan fi ń pa ẹyẹ wà nínú ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun ìṣeré ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ìyẹn náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ìbọn tàbí ọta gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ìbọn. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn láìgbàṣẹ ń rúfin, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ti ìran bàbá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́, òfin sọ pé kó san 20,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kó ṣe méjèèjì.

Àpò awọ kò sí nínú gbogbo èyí. Iṣẹ́ yín bófin mu. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fipá mú iléeṣẹ́ aládàáni láti gba owó ọjà tí kò wù ú. Ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ni ìdí tí wọ́n fi ṣe é, kí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àti owó yín. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ló gbè yín níbi kejì yẹn: bí ẹ̀rọ nìkan bá dá ẹjọ́ tó pa ènìyàn lára, onítọ̀hún lè béèrè pé kí ènìyàn wò ó. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà ni, tí wọn kò sì dá yín lóhùn, ẹ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báǹkì àpapọ̀, CBN. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹsẹ̀ ẹjọ́ yín kò ní lágbára.

Ọdẹ Òkè-Ọnà

Ẹ kú àpérò o. Ògún á gbè wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọdẹ náà. Akápò ẹgbẹ́ wa ló ń gba owó oṣù sínú àkáǹtì kan, a fi ń ra tọ́ọ̀ṣì orí, bàtà òjò, àti oúnjẹ àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Báǹkì kan ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n ní àwọn ènìyàn ń kọ "owó ìbọn" sórí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Ìwé ẹgbẹ́ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa ni a kó lọ kí ó tó yanjú. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n kọ ohun tí owó wà fún gan-an.

OníPOS Lafẹ́nwá

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ ń kọ sábẹ́ owó yẹn kì í parẹ́. Owó ẹgbẹ́ ni kí ẹ pè ní owó ẹgbẹ́, kí ẹ fi oṣù rẹ̀ kún un. Bàbá, bó bá ṣeé ṣe, kí ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì máa buwọ́ lù ú. Àkáǹtì ara ẹni kò yẹ owó ẹgbẹ́.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀bàntòkó

Mo ń bá àwọn oníṣòwò kékeré ṣe ojú-ìwé. Mo lọ wo ti Aláwọ kí n tó kọ èyí (ó ṣì ṣí, ibi ìsanwó nìkan ni wọ́n tì). Mo rí ohun tó fà á. Nínú àwòrán mẹ́ta, ọdẹ gbé ìbọn dání. Ọ̀rọ̀ ìbọn ní Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ọjà púpọ̀, kódà lórí ìgbànú tí ènìyàn lè wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ìwé kò mọ ọdẹ Ẹ̀gbá, kò mọ̀ pé awọ ni ọjà. Ó rí ìbọn nínú àwòrán, ó rí ìbọn nínú ọ̀rọ̀, ó rí owó tó ń ti òkè òkun wọlé, ó pa á pọ̀.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ: ẹ ya awọ nìkan lórí tábìlì, kí àwòrán má ní ìbọn. Àkọ̀ ọ̀bẹ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ pé ọ̀bẹ kò sí nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ń ṣọ́ irú àwọn ọ̀bẹ kan pẹ̀lú. Ìgbànú ni ìgbànú. Ti àpò ìbọn yẹn, ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà o. Ohun tí Agbẹjọ́rò sọ ni àbá mi. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbi ìsanwó káàdì ná, kí ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n gbà á. Àdéhùn irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ka gbogbo ohun èlò tán, ọwọ́ ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ló máa wà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ tà á lójúkojú ní ọjà Ìtòkú, ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ lè rí níbẹ̀. Kí àpò kan má ba gbogbo àtẹ jẹ́.

Ẹ tún má gbàgbé àwọn tó ti sanwó tí wọn kò tíì gba ọjà. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ ṣàlàyé. Bí wọ́n bá sá lọ bá báǹkì wọn pé kó gba owó padà, ẹ̀sùn kejì nìyẹn lórí yín. Ìwé ọkọ̀ tí ẹ fi gbé ọjà fún àwọn tó ti gbà á, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Aláwọ Kémta

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti yọ àwọn àwòrán yẹn, lẹ́yìn tí mo ti tọ́jú ẹ̀dà wọn bí OníPOS ṣe wí. Ẹ bá mi fi ẹnu kan lé lẹ́tà náà. Inú ń bí mi, mo mọ̀ pé ó máa hàn bí mo bá dá a kọ.

Olùkọ́ Sápọ́n

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí ní Yorùbá kí gbogbo ilé lè bá wa wò ó, màá fi ti Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí yín.

"Oníṣẹ́ awọ ni mí ní Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjà tí mò ń tà ni àpò, ìgbànú, bàtà, àti àkọ̀ tí a fi awọ rán. Mi ò ta ìbọn, ọta, ẹ̀tù, tàbí ẹ̀yà ìbọn kankan, mi ò sì tà wọ́n rí. Àwòrán ọjà kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò mi láti CAC wà níbẹ̀, ìwé tí mo fi ra awọ náà wà níbẹ̀. Ọjà kan wà tí a fi awọ ṣe fún gbígbé ìbọn ọdẹ. Mo ti yọ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi sọ fún mi bóyá àdéhùn yín gbà á. Mo bẹ̀ yín pé kí òṣìṣẹ́ yín kan fojú ara rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sọ ọjà tó fa ìdádúró, irú òwò tí ẹ kọ mí sí, àti ọjọ́ tí owó mi máa jáde."

Ẹ má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má halẹ̀ mọ́ wọn, ẹ má sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ẹ kò ṣe.

Agbẹjọ́rò Ìbarà

Lẹ́tà tó péye. Mo fi kan kún un: ẹ lọ ka ibi tí àdéhùn wọn ti sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè di owó mú. PayPal, fún àpẹẹrẹ, kọ ọ́ pé àwọn lè dì í mú tó ọjọ́ 180. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ yín, ẹ wá owó awọ níbòmíràn ná, kí ẹ má fọkàn sí i pé ó máa dé lọ́la.

Òṣèré Adátán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó tán. Èmi ń gbẹ́ ìbọn onígi fún àwọn tó ń ya fíìmù àti eré ilé-ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ lórí ayélujára. Ṣé èmi náà máa kó sí i?

Ẹlẹ́rọ Ọ̀bàntòkó

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán kò mọ igi yàtọ̀ sí irin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lákọsílẹ̀ kí ẹ tó gbé ọjà kan sórí àtẹ, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Ẹ lè máa fi ìbọn tí a kò tíì kùn hàn nínú àwòrán, kí ó hàn pé igi ni.

Agbẹjọ́rò Ìbarà

Ẹ sì sọ fún àwọn tó ń rà á kí wọ́n kọ̀wé sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù. Bó bá jẹ́ ìta gbangba ni, kí wọ́n kọ̀wé sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Eléwéẹran náà, kí wọ́n mú ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù dání. Ọlọ́pàá tó bá rí i lókèèrè lálẹ́ kò ní dúró béèrè bóyá igi ni.